Wọ́n ní kó lọ gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n tún ní kó padà: ọ̀rọ̀ Caleb Campbell àti iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 2008, Caleb Campbell, ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní West Point, ilé ẹ̀kọ́ ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Detroit Lions. Ìwé àdéhùn ti wà nílẹ̀, ó ku kó fọwọ́ sí i. Ọjọ́ kejì ni àwọn Lions fẹ́ ṣí àgọ́ ìgbaradì wọn fún sáà tuntun. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí iléeṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ pé kó má fọwọ́ sí nǹkan kan, kó padà sẹ́nu iṣẹ́ ológun. Kò ní í lè gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún yẹn, kò sì ní í lè gbá a lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Campbell kò sá fún iṣẹ́ ìjọba. Kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sì gba ẹ̀yìn wá ọ̀nà kankan. Iléeṣẹ́ ológun tó ní kó padà yìí náà ló ti ṣe ètò láti ọdún 2005 pé ọmọ West Point tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi eré ìdárayá jẹun bá yàn lè lọ gbá a, kó sì máa sin ìjọba bó ṣe ń gbá a. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ mọ̀, àwọn Lions mọ̀, gbogbo ẹni tó ń wo tẹlifísàn lóṣù Kẹrin ọdún náà ló mọ̀.

Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn, mo sì gbà pé ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ẹni tí òun fi owó ìlú kọ́ níṣẹ́ kọ́kọ́ wá sìn. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi. Ohun tó ká mi lára ni ìgbà tí wọ́n sọ ọ́. Bí wọ́n bá sọ ọ́ kí ọmọ náà tó búra, òfin ni. Bí wọ́n bá sọ ọ́ lẹ́yìn tó ti fi gbogbo ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, ìyẹn ti kúrò ní òfin, ó ti di ìyànjẹ.

Àdéhùn tó wà láàárín ọmọ àti ìjọba

Ẹni tó bá mọ NDA tó wà ní Kaduna á tètè lóye West Point. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ni, ilé iṣẹ́ ológun sì ni. Etí odò Hudson ní ìpínlẹ̀ New York ló wà, ọdún 1802 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ní tiwọn ní Annapolis, àwọn ti òfuurufú ní tiwọn ní Colorado Springs. Kí ọmọ tó wọ ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ̀wé, ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ le, aṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò wọn ló sì sábà máa ń fà á kalẹ̀. Tó bá ti wọlé tán, bàbá àti ìyá rẹ̀ kò san kọ́bọ̀. Ìjọba ló ń bọ́ ọ, òun ló ń wọ̀ ọ́ láṣọ, òun ló ń tọ́jú rẹ̀ bó bá ṣàìsàn, ó tún ń fún un lówó díẹ̀ lóṣooṣù.

Ìjọba ń gba tirẹ̀ padà lọ́nà iṣẹ́. Tọ́mọ bá jáde, ọdún márùn-ún ni yóò fi wọṣọ ogun ní gidi, lẹ́yìn ìyẹn ọdún mẹ́ta mìíràn wà tí wọ́n lè pè é nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́. Síbẹ̀ wọn kì í so ó mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tó dé. Láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, ọmọ tó bá rí i pé ìgbésí ayé ológun kò bá òun lára mu lè kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ, kò jẹ ẹnì kan ní gbèsè. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta ni wọ́n ń ṣe ìbúra. Ẹni tó bá kúrò lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lè ní kó san owó tí wọ́n ti ná lé e lórí padà, tàbí kí wọ́n mú un lọ ṣe ọmọ ogun kékeré fún ìgbà kan.

Ọjọ́ ìbúra yẹn ni gbogbo ẹjọ́ yìí dúró lé. Ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá dáadáa, tó wà ní West Point, tí ọdún kejì rẹ̀ ń parí lọ, ní ohun méjì níwájú. Ó lè kúrò lọ sí yunifásítì mìíràn tí kò ní gbèsè ogun nínú, kó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ níbẹ̀ títí tí wọ́n á fi yàn án. Ó sì lè dúró. Kí ló fẹ́ fi pinnu? Òfin tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni. Ó máa béèrè lọ́wọ́ kóòṣì rẹ̀, ó máa béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ológun, wọ́n á ka ohun tó wà nínú ìwé fún un. Tí wọ́n bá wá yí ìwé náà padà lẹ́yìn tó ti búra, kò sí bó ṣe fẹ́ padà sí ọdún kejì lọ yàn tuntun.

Bọ́ọ̀lù tí mo ń sọ yìí, ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń fi sábíyá sá, tí wọ́n ń dé akoto, tí wọ́n ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀. NFL ni ìdíje àwọn tó ń fi í jẹun. Lóṣù Kẹrin ọdọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ 32 máa ń jókòó yan àwọn ọ̀dọ́ láti yunifásítì, ní ìpele méje, èyí tí wọ́n ń pè ní draft. Nǹkan bí 250 ni wọ́n ń yàn. Iye ọdún tí àwọn tó wà nídìí eré yìí máa ń sọ pé ẹnì kan ń lò nínú rẹ̀ kò ju bíi mẹ́ta lọ, torí orúnkún ń yẹ̀, ejìká ń já, àwọn 250 tuntun sì ń dé lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ wá wo ohun tí ọdún méjì jẹ́ nínú irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2008, owó tó kéré jù tí NFL ń san fún ẹni tuntun jẹ́ dọ́là 295,000 lọ́dún. Second Lieutenant tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní West Point ń gba nǹkan bíi dọ́là 2,500 lóṣù.

Àwọn tí wọ́n dúró dè

Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀, Roger Staubach ni àwọn àgbà ológun máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Annapolis ló ti jáde. Ní 1963 ó gba Heisman, àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ fún agbábọ́ọ̀lù yunifásítì. Dallas Cowboys yàn án ní 1964, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ní láti dúró. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣiṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi, ó lo ọdún kan nínú rẹ̀ ní Vietnam. Ẹni ọdún 27 ni nígbà tó tó wọ pápá NFL lọ́dún 1969, ó sì bá Dallas gba Super Bowl, ife ẹ̀yẹ tó ga jù lọ ní NFL, lẹ́ẹ̀mejì.

David Robinson náà wà níbẹ̀, ti bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni tirẹ̀. Ọmọ Annapolis ni òun náà, ó sì ga títí ó fi lé ní ẹsẹ̀ bàtà méje, gíga tí kò ṣeé kó sínú ọkọ̀ ojú omi ogun. Ìyẹn ni wọ́n fi dín ọdún rẹ̀ kù sí méjì. San Antonio Spurs ló kọ́kọ́ yan ènìyàn ní 1987, òun ni wọ́n yàn, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó lọ ṣiṣẹ́ ní Kings Bay ní Georgia, níbi ibùdó ọkọ̀ abẹ́ omi, títí di 1989. Wọ́n máa ń fi àwọn méjèèjì yìí bá àwọn ọmọ òde òní wí pé: ẹ wo àwọn tó sìn kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n kú ni? Mo gbọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Staubach àti Robinson ní tí Campbell kò ní. Kí Dallas tó yan Staubach ni wọ́n ti mọ iye ọdún tó jẹ. Kí San Antonio tó pe orúkọ Robinson ni wọ́n ti mọ ọdún tó máa dé. Kò sẹ́ni tí wọ́n já lójú ọ̀nà.

Ẹni tí wọ́n já lójú ọ̀nà láyé ìgbà yẹn ni Napoleon McCallum. Ọmọ Annapolis ni, Raiders tó wà ní Los Angeles nígbà náà ló yàn án ní 1986. John Lehman tó jẹ́ olórí iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi gbà pé kó máa ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ní Long Beach, kó sì máa gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó gbá sáà kan. Ní 1987 Lehman lọ, James Webb gorí àga, ó ní kò sóhun tó jọ ọ́. McCallum kò tún wọ pápá NFL mọ́ títí di 1990. Ọmọ náà kò ṣẹ̀ rárá, ẹni tó wà lórí àga ló yí padà.

Ọjọ́ ayọ̀ ní New York

Ètò ọdún 2005 tí wọ́n fi tan Campbell, mi ò rí ọ̀rọ̀ mìíràn pè é, ń jẹ́ Alternative Service Option. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ nìkan ló ní in, àwọn ti ojú omi àti ti òfuurufú kò ní irú rẹ̀. Ọmọ tí ẹgbẹ́ kan bá yàn yóò lọ bá wọn gbá bọ́ọ̀lù, yóò ṣì jẹ́ ọ̀gá ológun, wọn á fi í sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń wá àwọn tó fẹ́ wọ iṣẹ́ ogun nítòsí ìlú tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Lẹ́yìn ọdún méjì, tó bá ṣì ń gbá a, wọ́n lè jẹ́ kó fi ọdún mẹ́fà nínú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń pè lásìkò àìní rọ́pò ọdún mẹ́ta tó kù.

Iléeṣẹ́ ológun kò fi ojú àánú ṣe é. Ogun Iraq ti le, àwọn òbí ò fẹ́ kí ọmọ wọn lọ mọ́, lọ́dún 2005 yẹn gan-an ni wọn kò rí iye ọmọ ogun tuntun tí wọ́n ń wá. Wọ́n fẹ́ ojú tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀, ẹni tí wọ́n máa rí lórí tẹlifísàn lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n á ní, “Ọmọ ogun wa nìyẹn.” Ìdí yẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ̀ pé àwọn méjèèjì ló ní èrè nínú àdéhùn náà, kì í ṣe ẹ̀bùn tí wọ́n ta Campbell lọ́rẹ.

Ọmọ Perryton ni Campbell, ìlú kékeré kan ní àríwá Texas. Ní West Point, ẹ̀yìn ni wọ́n fi í sí, ipò ẹni tó ń dènà kí bọ́ọ̀lù má gorí wọn, ẹni tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù ìkọlù rẹ̀ ni. Nígbà tí draft ọdún 2008 dé, ọjọ́ 26 àti 27 oṣù Kẹrin, ó wà nínú gbọ̀ngàn Radio City ní New York, ó wọ aṣọ ológun ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn gbajúmọ̀ tó máa ń wà níbẹ̀ ni àwọn tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ yàn. Campbell jókòó de ìpele kejì, ó de ìkẹta, ó dúró títí di ìkeje, èyí tó kẹ́yìn, ọjọ́ kejì sì ti ń lọ sópin. Ẹni 218 nínú 252 ni nígbà tí Detroit Lions pe orúkọ rẹ̀. Àwọn èrò gbọ̀ngàn tó kù bú sáriwo, wọ́n ń pe “U-S-A! U-S-A!”

Ìran yẹn lọ káàkiri. Iléeṣẹ́ ológun rí i, inú wọn dùn, wọ́n jẹ́ kí àwọn oníròyìn bá a sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn títí dé ọjọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lópin oṣù Karùn-ún, tó di Second Lieutenant, kò sí ọ̀gá kan tó jáde síta sọ pé wọ́n ti wọ́gi lé ètò yẹn.

Ohun tí àwọn tí kò fẹ́ ẹ ń wí

Mi ò ní í fojú kéré ìbínú àwọn tó ní kò yẹ. Ogun méjì ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dún 2008, Iraq àti Afghanistan. Àwọn tí wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú Campbell ń kó ọmọ ogun lẹ́yìn lọ síbi tí bọ́ǹbù ń bú lójú ọ̀nà. West Point ti sin ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jáde níbẹ̀ láti ìgbà tí ogun náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó ń gbàdúrà lóru nítorí ọmọ tirẹ̀, tó wá rí ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ lórí tẹlifísàn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, kí ni kó sọ? Àwọn ènìyàn kò sì tíì gbàgbé Pat Tillman, tó fi owó Arizona Cardinals sílẹ̀ ní 2002, tó gba iṣẹ́ ológun, tí ìbọn àwọn ọmọ ogun ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pa ní Afghanistan ní oṣù Kẹrin 2004. Ẹnì kan fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lọ sógun, ẹnì kan ń fi ogun sílẹ̀ lọ síbi bọ́ọ̀lù: bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ṣe gbé e kalẹ̀.

Àwọn ti ojú omi náà ń kùn pé ọmọ ogun orí ilẹ̀ ti rí ìdẹ kan tó ń fa àwọn agbábọ́ọ̀lù sọ́dọ̀ wọn tí àwọn kò ní. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Pentagon, iléeṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà tó wà lórí gbogbo wọn, fẹ́ kí òfin kan ṣoṣo bo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè fún ìyọ̀ǹda.

Gbogbo èyí jẹ́ ìdí tó yè kooro láti pa ètò 2005 rẹ́. Mo ní wọ́n lè pa á rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan fún gbogbo ọmọ tí kò tíì búra, kí ẹnikẹ́ni má lè bá wọn wí. Ẹni tó ti búra, tó ti dúró ní West Point ọdún méjì gbáko sí i nítorí ètò náà, tí wọ́n ti jẹ́ kó bọ́ sójú ayé nínú aṣọ wọn, òun ni wọ́n yẹ àdéhùn fún.

Lẹ́tà oṣù Keje

Ohun tí iléeṣẹ́ ológun sọ nínú oṣù Keje náà ni pé ìlànà Pentagon ti borí tàwọn. Ó túmọ̀ sí pé àwọn ọ̀gá méjì ń pàṣẹ lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ti ìsàlẹ̀ ń sọ pé “Máa lọ,” ti òkè ti sọ pé “Kò gbọdọ̀ lọ,” ọmọ tó wà láàárín ni ìyà wá jẹ. Àwọn ọmọ West Point mélòó kan tí ètò náà ti gbé lọ síbi bọ́ọ̀lù aláfigigbá, ìyẹn baseball, náà ò bọ́ nínú rẹ̀.

Kóòṣì Lions nígbà náà ni Rod Marinelli. Ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ ti jagun Vietnam, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò mọ ohun tí aṣọ ogun jẹ́. Òun àti àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ náà ló fẹ́ ọmọ yìí, àwọn ló ti wo bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi yàn án. Campbell kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó gbà pé ọmọ ogun lòun, pé ohun tí wọ́n bá ní kóun ṣe lòun máa ṣe. Mo bọlá fún un. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí wọ́n yàn jẹ má fi ariwo ta kò ó kò sọ ìyànjẹ náà di ohun tó tọ́.

Ọdún méjì

Wọ́n dá a padà sí West Point, ó ń ṣèrànwọ́ fún àwọn kóòṣì bọ́ọ̀lù ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí. Ọ̀kan nínú ohun tí àwọn tó ta kò ó ń sọ ni pé ogun ń lọ, wọ́n nílò gbogbo ọ̀gá ológun. Nígbà tí wọ́n wá rí ọ̀gá ológun náà gbà padà tán, pápá bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ sí Fort Sill ní Oklahoma fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ológun. Mi ò sọ pé iṣẹ́ yẹn kò níyì. Mo kàn ń wò ó pé iṣẹ́ tó fi ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣe, ta ló lè sọ pé ó gba ẹ̀mí là ju èyí tí ètò 2005 fẹ́ kó ṣe ní Detroit lọ?

Ní Detroit, nǹkan dojú rú. Sáà 2008 yẹn ni Lions gbá ìdíje mẹ́rìndínlógún, tí wọ́n pàdánù mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún. Títí di ìgbà yẹn, kò sí ẹgbẹ́ NFL tó tíì ṣe irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbá ìdíje mẹ́rìndínlógún ní sáà. Wọ́n lé Matt Millen tó jẹ́ olórí ètò ẹgbẹ́ náà lóṣù Kẹsàn-án, wọ́n lé Marinelli nígbà tí sáà parí. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í rò nìyí tí wọ́n bá ní “ọdún méjì péré ni.” Ẹni tí wọ́n yàn ní ìpele keje, ipò rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn díẹ̀ tó gbà á gbọ́. Kò ní owó ńlá tí wọ́n ti san tí wọ́n á máa ṣàánú rẹ̀. Nígbà tí Campbell á fi padà dé, àwọn tó gbà á gbọ́ yẹn ti lọ, Jim Schwartz ti ń darí, ó sì ní àwọn ènìyàn tirẹ̀.

Ó padà dé lóòótọ́. Ọdún 2010 ni, ó ti sin ìjọba ní iye oṣù tí wọ́n béèrè, Lions sì tún fún un láyè. Wọ́n yí i sí linebacker, ipò tó sún mọ́ iwájú. Wọ́n gé e, wọ́n dá a padà sí àwọn tó kàn ń bá wọn ṣe ìdánrawò, ó sì tó wọ pápá fún ìdíje díẹ̀ péré ní sáà náà. Ó kọjá sí Indianapolis Colts, ó dé Kansas City Chiefs, kò fìdí múlẹ̀ níbì kankan. Bóyá bí wọ́n ṣe jẹ́ kó gbá a ní 2008 náà ni ì bá ṣe parí. Àwọn ẹni ìpele keje tó ń pẹ́ nínú NFL kò pọ̀. Ṣùgbọ́n pápá ni ì bá sọ fún un, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì wà ní bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n yàn án.

Òfin tí kò dúró sójú kan

Ẹni tó bá rò pé wọ́n kọ́gbọ́n lára Campbell, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2016, Ash Carter tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò yọ̀ǹda kí Keenan Reynolds ti Annapolis lọ bá Baltimore Ravens lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n sì tún ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó ń bọ̀. Ọdún kan kò tíì pé tí James Mattis, ọ̀gágun àgbà tó di mínísítà lẹ́yìn rẹ̀, tì í padà. Lóṣù Kẹrin 2017, nígbà tí draft ń lọ lọ́wọ́, ni Jalen Robinette tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ogun òfuurufú gbọ́ pé kò sí àyè. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń wò ó gbọ́ náà. Kò sẹ́ni tó yàn án.

Ní 2019 wọ́n tún ṣí i. Ààrẹ Trump ló pa á láṣẹ, Mark Esper tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò nígbà náà sì fọwọ́ sí ìlànà rẹ̀ lóṣù Kọkànlá: ọmọ lè gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ tán kó tó wá sìn, bí mínísítà bá fọwọ́ sí i fún un. Ibi “bí ó bá fọwọ́ sí i” yẹn ló mú Cameron Kinley ní 2021. Ààrẹ kíláàsì wọn ni Kinley ní Annapolis, òun ló dìde pe Kamala Harris, igbákejì ààrẹ, síwájú èrò lọ́jọ́ ìgbàwé ẹ̀rí wọn. Tampa Bay Buccaneers ti fún un láyè. Olórí iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ní kò sí ìyọ̀ǹda, nígbà tí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ń yọ̀ǹda fún tiwọn lọ́dún kan náà. Àwọn ènìyàn pariwo, àwọn aṣòfin dá sí i, lóṣù Keje Lloyd Austin tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò nígbà náà yí i padà. Inú mi dùn sí i, àmọ́ mi ò fẹ́ràn bó ṣe ṣẹlẹ̀: ọmọ tó bá rí ariwo pa ló rí ẹ̀tọ́ gbà. Tampa gé Kinley lópin oṣù Kẹjọ, ó padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi bó ṣe ṣèlérí.

Ó di oṣù Kejìlá 2022. Andre Carter II, ọmọ West Point, gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íńṣì méje, wà nínú ọdún tó gbẹ̀yìn rẹ̀, àwọn tó mọ̀ nípa draft sì ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n yàn án ní kùtùkùtù. Ó bá West Point gbá Annapolis lọ́jọ́ 10 oṣù náà ní Philadelphia, wọ́n borí pẹ̀lú ayò 20 sí 17 lẹ́yìn àfikún àkókò méjì. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni òbí rẹ̀ ń gbọ́ pé gbólóhùn kan ti wọ inú òfin ètò ààbò ọdún náà, èyí tí Mike Gallagher, aṣojú-ṣòfin láti Wisconsin tó ti ṣe ọmọ ogun Marine rí, gbé wá: ẹnikẹ́ni tó bá jáde nílé ẹ̀kọ́ ológun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sìn fún ọdún méjì ó kéré tán. Gallagher ní iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ológun ni láti mú jagunjagun jáde. Lórí ìyẹn, èmi àti òun kò jà. Ààrẹ Biden buwọ́ lu òfin náà lọ́jọ́ 23 oṣù Kejìlá. Carter ti búra, kíláàsì rẹ̀ ń parí lọ. Ọ̀rọ̀ 2008 ló fẹ́ tún ṣẹlẹ̀ yẹn, ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà.

Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn aṣòfin dúró rò ó. Nínú òfin ìnáwó tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́sẹ̀ kan náà, wọ́n ti àfikún kékeré kan bọ̀ ọ́: òfin ọdún méjì náà kò ní í kan ẹni tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ ológun ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2021. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á mọ ohun tí wọ́n ń wọ̀ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Ẹni tó ti wà nínú ilé á jẹ àdéhùn tí wọ́n bá a ṣe. Gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún Campbell nìyẹn, ó sì hàn pé kò ju ìlà kan lọ.

Oṣù Kẹrin 2023 dé, ìpele méje kọjá, kò sẹ́ni tó pe orúkọ Carter. Minnesota Vikings ló mú un lẹ́yìn draft. Ó jà fún ipò títí ó fi wà lára àwọn 53 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sáà ọdún náà.